Meghalaya ní Íńdíà: ṣé lóòótọ́ ni pé obìnrin ló ń jọba níbẹ̀?

#1 Akọ̀wé_Ìkirè
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Láàárọ̀ àná ni ẹnìkan ju fídíò kan sínú WhatsApp ẹbí wa. Ohùn tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kan wà ní Íńdíà tí obìnrin ti ń jọba, tí ọkùnrin ń dáná, tí ọkọ kò sì gbọdọ̀ lanu sọ̀rọ̀ nínú ilé. Àwọn àǹtí mi ti ń jó. Meghalaya ni ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń wí yẹn, mo sì gbé ibẹ̀ fún ọdún méjì nígbà tí mo lọ kàwé gboyè kejì ní Shillong, olú-ìlú wọn. Irọ́ pọ̀ nínú fídíò náà, àmọ́ òótọ́ ibẹ̀ dùn-ún gbọ́ ju irọ́ ọ̀hún lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tó wà. Tí ẹ bá wo àwòrán ilẹ̀ Íńdíà, apá kan wà lọ́wọ́ ìlà-oòrùn tó dà bíi pé okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi so ó mọ́ ara yòókù. Níbi tí okùn yẹn ti tín-ín-rín jù, lẹ́bàá Siliguri, kò fẹ̀ ju nǹkan bíi kìlómítà 22 lọ. Ìkọjá okùn yẹn ni Meghalaya wà. Assam ló bá a pààlà lápá àríwá àti ìlà-oòrùn, Bangladesh ló wà ní gúúsù rẹ̀. Kò kan òkun níbì kankan. Òkè ni gbogbo rẹ̀: òkè Garo ní ìwọ̀-oòrùn, òkè Khasi láàárín, òkè Jaintia ní ìlà-oòrùn. Ó fẹ̀ tó kìlómítà onígun mẹ́rin 22,429, kò tó ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àwọn èèyàn tí wọ́n kà níbẹ̀ ní 2011 kò sì pé mílíọ̀nù mẹ́ta. Inú Assam ló wà tẹ́lẹ̀. January 1972 ló di ìpínlẹ̀ gidi.

Lọ́jọ́ tí mo dé, bọ́ọ̀sì gbé wa kúrò ní Guwahati ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, àágùn bò mí. Wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn náà, a ti wà nínú ìkúùkù, eyín mi ń lu ara wọn.

#2 Láyí_Mushin
Bọ̀ọ̀dá Akọ̀wé, ẹ má fi jọ́gíráfì sá fún ìbéèrè o. Ṣé ọkùnrin ń dáná àbí kò dáná? Ìyàwó mi ti rí fídíò yẹn, ojú tó fi ń wò mí láti àná ti yàtọ̀.

#3 Akọ̀wé_Ìkirè
Láyí, fọkàn balẹ̀. Obìnrin ló ń dáná. Ibi tó ti yàtọ̀ ni pé ọ̀dọ̀ ìyá ni ìdílé ti ń ṣàn wá, láàárín àwọn ẹ̀yà mẹ́ta tó ni òkè wọ̀nyẹn, Khasi, Jaintia àti Garo. Orúkọ ìdílé ìyá ni ọmọ ń jẹ́. Kur ni àwọn Khasi ń pe ìdílé yẹn, wọ́n sì máa ń wí pé “long jaid na ka kynthei”, ìyẹn ni pé ara obìnrin ni ìran ti sú jáde. Ẹni méjì tí kur wọn bá jẹ́ ọ̀kan kò gbọdọ̀ fẹ́ra, kódà kí wọ́n má tíì ríra rí. Èèwọ̀ ni.

Ilé àti ilẹ̀ ìdílé, ọmọbìnrin tó kéré jù ló ń bọ́ sí lọ́wọ́. Khadduh ni wọ́n ń pè é. Ọkọ rẹ̀ ló ń kó wá bá a nílé ìyá rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lè bá ọkọ wọn kọ́ ilé síbòmíràn.

Khadduh ni ìyá onílé mi ní Shillong. Kong ni mo máa ń pè é, nítorí bí wọ́n ṣe ń pe obìnrin tó bá ju èèyàn lọ nìyẹn, bí àwa ṣe ń pe àǹtí (Bah ni ti ọkùnrin). Mo sọ fún un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé orí rẹ̀ sunwọ̀n, pé òun nìkan ló jogún odidi ilé. Igi ló ń tì bọ iná lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sí yàrá tí ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí, màmá náà ti ń súnmọ́ àádọ́rùn-ún ọdún. Ó nawọ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tó ti kó padà wálé. Ó nawọ́ sí ọmọ mẹ́ta tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fi sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní Delhi. Ó ní, “Wò ó, ogún mi nìyẹn.”

Kò sì lè dá ilé náà tà. Àwọn arákùnrin rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

#4 ÌyáÌbejì_Òṣogbo
Ọmọ mi, o káre. Ọ̀rọ̀ Kong yẹn wọ̀ mí lára. Èmi náà ni àbíkẹ́yìn ìyá mi, èmi ni mo tọ́jú wọn títí wọ́n fi relé. Ìgbà tí wọ́n pín ilé baba wa, ìdí igi ni wọ́n fi pín in. Èmi tí mo fọ aṣọ ìdọ̀tí fún ọdún mẹ́fà, yàrá kan ló kàn mí, àwa mẹ́rin la sì jọ ni ín. Ó kúkú ti lọ. Ìbéèrè mi ni pé, ta wá ni baba nínú irú ilé bẹ́ẹ̀? Ta ló ń bá ọmọ wí?

#5 Akọ̀wé_Ìkirè
Ẹ ṣeun, màmá wa. Arákùnrin ìyá ni. Kñi ni wọ́n ń pè é. Baba ń ṣiṣẹ́ bọ́ ọmọ, ọmọ sì ń bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá dé, tàbí ti ìgbéyàwó, tàbí ti òkú, kñi ló ń jókòó síwájú. Nítorí náà ọkùnrin kan ní ẹnu méjì: nílé ìyàwó rẹ̀ ó rọra ń sọ̀rọ̀, nílé ìyá rẹ̀ ó ń pàṣẹ.

Ibi tí fídíò yẹn ti purọ́ jù ni ti ìjọba. Ìgbìmọ̀ abúlé, tí wọ́n ń pè ní dorbar, ti ọkùnrin ni látayébáyé. Wọ́n tilẹ̀ ní òwe kan pé bí abo adìẹ bá kọ, ayé ti parẹ́ nìyẹn. Àga ọgọ́ta ló wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ náà. Nínú ìdìbò 2023, obìnrin mẹ́ta péré ló wọlé. Síbẹ̀ náà, àwọn ọkùnrin kan ń ráhùn. Láti 1990 ni ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Syngkhong Rympei Thymmai ti ń wí pé kí ọmọ máa jẹ́ orúkọ baba. Ọ̀pọ̀ ò dá wọn lóhùn.

Ti àwọn Garo tún ga jù. Láyé àtijọ́, bí wọ́n bá ti fi ojú sí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fún ọmọbìnrin tó máa jogún, àwọn ọkùnrin á lọ ká a mọ́ ibi tó wà, wọ́n á gbé e wá sílé ìyàwó tipátipá. Bó bá sá, wọ́n á tún lọ gbé e.

#6 Láyí_Mushin
Kí wọ́n wá gbé mi! Mi ò ní sá. Ẹ sọ fún wọn pé mi ò san owó ilé láti January.

#7 Bísí_Cardiff
Akọ̀wé, ẹ ń bu ọ̀rọ̀ náà kù díẹ̀ o. Pé obìnrin kì í jókòó ní dorbar kò sọ pé òfo ló mú níbẹ̀. Nílé wa, bí ọ̀rọ̀ tọkọtaya bá dàrú, ta ló ń di ẹrù rẹ̀? Níbẹ̀, ọkọ ló ń dì í. Kò sí ọmọ tí wọ́n á máa bi pé “ọmọ ta ni ọ́” nítorí pé baba rẹ̀ ò sí nítòsí. Ẹ̀yin ọkùnrin ló lè pe ìyẹn ní nǹkan kékeré.

Ìdí tí mo fi mọ̀ nípa wọn ni ibi tí mò ń gbé. Àwọn ará Wales ló gbé ìhìnrere lọ sí òkè Khasi. Thomas Jones, káfíńtà tó di òjíṣẹ́ Ọlọ́run, dé Cherrapunji, ìlú kan lórí òkè náà, ní 1841. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti fi lẹ́tà Bengali gbìyànjú àtikọ èdè Khasi, kò múlẹ̀. Òun ló fi lẹ́tà Róòmù kọ ọ́, ó sì kọ ọ́ bí ará Wales ṣe ń kọ tirẹ̀. Títí dòní, bí ọmọ Khasi bá ń ka a, b, k ló kàn, kò sí c, ng sì tẹ̀lé g. Ẹ wo bó ṣe bọ́ sí ìgbà kan náà: 1843 ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Àjàyí Crowther tò jọ jáde. Jones kò pé ogójì ọdún tó fi kú sí Calcutta ní 1849. Lónìí, bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn ará Meghalaya ló jẹ́ onígbàgbọ́.

#8 Akọ̀wé_Ìkirè
Àǹtí Bísí, ẹ borí mi lórí ti ẹrù dídì yẹn. N kò rí obìnrin kankan tí wọ́n lé jáde ní gbogbo ọdún méjì tí mo lò, mo rí ọkùnrin méjì.

#9 Tíṣà_Jọ́gíráfì
Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ sọ̀rọ̀ débi pé ẹ ti di ẹrù ọkùnrin, ẹ ò tíì dárúkọ òjò! Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ níwèé, kò sí ọdún kan tí n kò kọ Cherrapunji sójú pátákó. Sohra ni orúkọ tí àwọn onílé ń pè é. Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún máa ń tó 11,777 mìlímítà. Mawsynram, abúlé kan ní tòsí rẹ̀, ń rí nǹkan bíi 11,872. Òun ni wọ́n ń pè ní ibi tí òjò ti pọ̀ jù láyé. Láti August 1860 sí July 1861, òjò 26,461 mìlímítà ló rọ̀ ní Cherrapunji. Ẹ ro ilé alájà mẹ́jọ, kí ẹ da omi sí i kó kún dé òrùlé.

Okùnfà rẹ̀ kò le. Afẹ́fẹ́ ìgbà òjò ń gbé omi bọ̀ láti òkun Bengal. Ó gba orí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Bangladesh kọjá, kò sí gegele kan tó dí i lọ́nà, àfi gbàgà! Ó forí sọ ògiri òkè Khasi. Kò sí ọ̀nà míì ju kó gòkè lọ. Bó ṣe ń gòkè ló ń tutù, bó sì ṣe ń tutù ló ń sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Shillong wà lẹ́yìn ògiri yẹn, kìlómítà bíi 55 péré sí Cherrapunji, kò sì rí ìdá mẹ́rin òjò ọ̀hún.

“Ibùgbé àwọsánmà” ni ìtumọ̀ Meghalaya, èdè Sanskrit ni. Àwọn onílẹ̀ kọ́ ló sọ ara wọn bẹ́ẹ̀, onímọ̀ jọ́gíráfì kan tó ń jẹ́ S. P. Chatterjee ló hùmọ̀ rẹ̀. Orúkọ náà sì ti wá di ti gbogbo ayé. Ní 2018, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ fi Meghalaya sọ sáà tí a wà nínú rẹ̀ yìí, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 4,200 ọdún sẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀dá ńlá kan. Òkúta tí omi ń kán kọ nínú ihò Mawmluh, lẹ́bàá Cherrapunji, ni wọ́n kà á lára rẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Ìlú olójò ló ń jẹ́rìí sí ọ̀dá.

#10 Akọ̀wé_Ìkirè
Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò kọ sójú pátákó fún mi ni pé wọ́n ń ra omi ní Cherrapunji. Mo lọ síbẹ̀ ní February. Àwọn obìnrin tò sójú títì pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n ń dúró de ọkọ̀ omi, bíi ìgbà tí táǹkì bá fẹ́ wọ àdúgbò wa. Inú oṣù díẹ̀ ni gbogbo òjò yẹn ń rọ̀ tán, igi ti dínkù, ilẹ̀ fẹ́lẹ́ lórí òkúta tó kún fún ihò, omi ò rí ibi dúró. Ó ń sáré sọ̀kalẹ̀ lọ bá àwọn ará Bangladesh, ó sì máa ń di àgbàrá lọ́dọ̀ tiwọn.

Nígbà òjò wá ńkọ́? Ẹ ò ní rí agbòjò lọ́wọ́ àgbẹ̀. Knup ni wọ́n ń lò, ọparun àti ewé gbígbẹ ni wọ́n fi hun ún, ó dà bí ẹ̀yìn ahun. Wọ́n á gbé e lé orí, á bo ẹ̀yìn dé ìdí, ọwọ́ méjèèjì á sì wà lófìfo fún iṣẹ́. Afárá wọn náà, ààyè ni. Igi rọ́bà kan wà níbẹ̀, mọ̀lẹ́bí igi ọdán tiwa, tí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń yọ síta. Wọ́n á fa gbòǹgbò yẹn gba orí ọparun kọjá odò, wọ́n á máa hun ún mọ́ra lọ́dọọdún. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lè má rìn lórí rẹ̀. Igi pákó á jẹrà nínú òjò yẹn láàárín ọdún mélòó kan. Eléyìí ń le sí i ni. Èyí tó wà ní Nongriat jẹ́ alájà méjì. Àtẹ̀gùn tó sọ̀kalẹ̀ lọ síbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, orókún mi ò tíì dárí jì mí.

#11 Ọmọ_Alábà
Ẹ ṣé gbogbo èyí o. Èmi oníṣòwò ni mí. Kí ni wọ́n ń tà? Ìpínlẹ̀ tí kò ní èbúté, báwo ló ṣe ń jẹun?

#12 Akọ̀wé_Ìkirè
Ìbéèrè gidi. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn. Wọ́n ń gbin pọ̀tétò, ọsàn, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ata ilẹ̀, àti koríko tí wọ́n fi ń ṣe ìgbálẹ̀ fún ilé káàkiri Íńdíà. Ata ilẹ̀ pupa kan wà tí wọ́n ń pè ní Lakadong, láti òkè Jaintia. Bó bá kan ọwọ́ rẹ, ọ̀sẹ̀ kan kò ní ṣí i kúrò. Láyé ọjọ́un, kò sóhun tó ń jẹ́ ìṣòro èbúté. Wọ́n ń ru ọsàn àti ewé betel, ewé kan tí wọ́n ń jẹ lẹ́nu bí obì, sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọjà Sylhet ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, wọ́n ń ru ìrẹsì àti ẹja gbígbẹ gòkè bọ̀. Ní 1947, wọ́n pín Íńdíà, Sylhet bọ́ sọ́wọ́ Pakistan, tó di Bangladesh lónìí. Ọjà tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ di òkè òkun mọ́ wọn lọ́wọ́. Láti ìgbà yẹn, ohun gbogbo ní láti gba Guwahati, kó tún gba ojú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo wí níṣàájú. Láti 2011 ni wọ́n ti ṣí ọjà ẹnubodè díẹ̀ padà, bẹ̀rẹ̀ láti Kalaichar ní òkè Garo. Ẹni tó bá mọ Ìdíìrókò á mọ ohun tó túmọ̀ sí kí ìbátan ẹni wà lódì kejì okùn kọ́sítọ́ọ̀mù.

Reluwé ńkọ́? Ọdún 2014 ni ọkọ̀ ojú irin kọ́kọ́ dúró ní Meghalaya, ní Mendipathar lẹ́gbẹ̀ẹ́ Assam. Àwọn ẹgbẹ́ kan ní Shillong ò fẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ àwọn. Wọ́n ní ọkọ̀ tó kó ẹrù wá á kó àjèjì wá, àwọn á sì di ọwọ́ kékeré lórí ilẹ̀ àwọn. Mi ò lè dá wọn lẹ́bi pátápátá, ṣùgbọ́n iye tí mo ń ra àlùbọ́sà ò jẹ́ kí n yìn wọ́n. Tí ìwọ náà bá ń ronú àtilọ ra ilẹ̀ níbẹ̀, gbàgbé ẹ̀. Òfin 1971 kò gba ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹ̀yà ibẹ̀ láyè, kódà kó jẹ́ ará Delhi.

Èédú inú ilẹ̀ àti òkúta tí wọ́n ń lọ̀ fi ṣe sìmẹ́ńtì ló ń mú owó ńlá wọlé. Èédú yẹn ló dùn mí jù. Ìdílé ló ni ilẹ̀, ìjọba kọ́, onílẹ̀ sì gbà pé tòun ni ohun tó wà nísàlẹ̀. Wọ́n á gbẹ́ kòtò sísàlẹ̀ bíi kànga, wọ́n á wá máa ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbẹ́ ihò tóóró tí èèyàn ò lè jókòó nínú rẹ̀. Àyà ni wọ́n fi ń wọ́ wọlé, pẹ̀lú díígà kékeré. Ihò eku ni wọ́n ń pè é. Ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká fòfin dè é ní April 2014. Kò dáwọ́ dúró. Ní 13 December 2018, omi ya wọ ọ̀kan ní Ksan ní òkè Jaintia, ó ká ọkùnrin 15 mọ́ inú rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ojú omi ló wá ń wá wọn. Kò sí ẹni tó jáde láàyè. Ojú mi rí odò Lukha lápá ibẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró tuntun, ó lẹ́wà, kò sí ẹja kankan nínú rẹ̀.

#13 ÌyáÌbejì_Òṣogbo
Kí Ọlọ́run tu ìdílé wọn nínú. Sọ ti oúnjẹ àti ọjà fún wa, jàre. Kí lo jẹ?

#14 Akọ̀wé_Ìkirè
Màmá, ẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kẹta tí mo dé, mo gbọ́ òórùn irú láti inú ilé ìdáná. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Tungrymbai ni, ẹ̀wà sóyà tí wọ́n sè, tí wọ́n fi ewé wé, tí wọ́n sì gbé sí ẹ̀bá iná kó fi kan. Wọ́n fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti yánmọtí dúdú sè é. Mo jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìrẹsì, mo tún bu.

Kí wọ́n tó fún ẹ lóúnjẹ, kwai ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé síwájú àlejò, bí a ṣe ń gbé obì. Èso kan ni, wọ́n á fi ewé betel tí wọ́n fi ẹfun kùn wé e. Etí mi gbóná, àágùn bò mí nínú òtútù, Kong ń fi mí rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé ẹnìkan ti kú, wọ́n á ní ó ti lọ jẹ kwai nílé Ọlọ́run.

Ọjà ńlá wọn ni Ïewduh, obìnrin ló pọ̀ jù lórí àtẹ. Ẹ tẹ́tí sí èyí, màmá: ọjọ́ mẹ́jọ ni ọ̀sẹ̀ àwọn Khasi látijọ́, orúkọ ibi tí ọjà bá kàn sì ni orúkọ ọjọ́. Títí di báyìí, ọjà àwọn abúlé ṣì ń bọ́ sí ọjọ́ mẹ́jọ-mẹ́jọ. Ìsán gan-an ni, bí àwọn àgbà wa ṣe ń kà á.

#15 Láyí_Mushin
Ọ̀rọ̀ yìí dùn, àmọ́ wọn ò ta tẹ́tẹ́ ni?

#16 Akọ̀wé_Ìkirè
Ha! Teer. Lójoojúmọ́ àyàfi Sunday, àwọn tafàtafà á jókòó yí ká, wọ́n á ta ọfà lu ìdìpọ̀ koríko kan fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Wọ́n á ka ọfà tó bá gún un, nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn iye yẹn sì ni àwọn èèyàn ń ta tẹ́tẹ́ lé. Bó bá jẹ́ 743, 43 ló jẹ nìyẹn. Ìjọba fọwọ́ sí i, ó sì ń gba owó orí lórí rẹ̀. Bí o bá lálàá, wọ́n á bá ẹ túmọ̀ àlá náà sí nọ́ńbà. Àwọn tó ń ta Bàbá Ìjẹ̀bú ní ìgboro Mushin kò ní ṣàjèjì níbẹ̀ rárá.

#17 Bísí_Cardiff
Mo ka ibì kan pé abúlé kan wà tí wọ́n ń fi orin pe ọmọ dípò orúkọ. Ṣé òótọ́ ni?

#18 Akọ̀wé_Ìkirè
Òótọ́ ni, àǹtí mi. Kongthong ni. Bí obìnrin bá bímọ, ó máa ń hùmọ̀ ohùn kan fún ọmọ náà, tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú, ohùn lásán. Jingrwai ïawbei ni wọ́n ń pè é, orin ìyá ńlá tó dá ìdílé sílẹ̀. Ọmọ náà ní orúkọ tí wọ́n fi ń kọ ọ́ síwèé, ṣùgbọ́n orin yẹn ni tirẹ̀ gan-an. Wọ́n ń gé e kúrú fún inú ilé. Bó bá jẹ́ pé oko ló wà lódì kejì àfonífojì, wọ́n á kọ ọ́ tán. Mo gbọ́ tí obìnrin kan ń pe ọmọ rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ó fà á gùn-ún bíi ti ẹni tó ń ki oríkì àárọ̀, ó dákẹ́, ohùn kan dáhùn láti ìsàlẹ̀, ó pẹ́ kí ọmọkùnrin náà fúnra rẹ̀ tó yọ pẹ̀lú igi lórí.

#19 ÌyáÌbejì_Òṣogbo
Jọ̀ọ́, ṣé o gbà á sórí fóònù? Fi ránṣẹ́.

#20 Akọ̀wé_Ìkirè
Mo gbà á, màmá. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo lọ sí Dawki, níbi tí odò Umngot ti ń wọ Bangladesh. Omi ibẹ̀ mọ́ débi pé ọkọ̀ ojú omi máa ń dà bíi pé ó léfòó sínú afẹ́fẹ́. Mo nà síta láti ya fọ́tò, fóònù bọ́. Mo ń wò ó nísàlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́, iná rẹ̀ ṣì ń tàn, títí ọlọ́kọ̀ fi wa ọkọ̀ kọjá.